Àṣàkẹ́, wọ́n ti lẹ L mọ́ mi lára

Peckham, London
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ mi,

O kú ilé, o kú ọmọ, o kú ìnáwó ìyàwó tí mi ò lè wá jẹ. Mo rí gbogbo fótò tó o fi ránṣẹ́. Aṣọ yẹn yẹ ọ́, ṣùgbọ́n gèlè yẹn, ṣé àjà lo fẹ́ fi kàn ni? Lẹ́tà ni mo kọ torí tí mo bá sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp, gbogbo ilé yín ló máa ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò sì jẹ́ ti gbogbo ilé.

Jókòó dáadáa. Èmi Àdùkẹ́ rẹ, èmi tí mo wa mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ìlọrin lóru ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan ń ké "Jésù!" lẹ́yìn mi títí a fi dé (mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o), wọ́n ti lẹ L mọ́ mi níwájú, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́yìn. L pupa gbàǹgbà lórí pátákó funfun, kí gbogbo Peckham lè mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ yìí ò tíì mọ ọkọ̀ wà. Ọdún 14 ni mo fi wa mọ́tò ní Ìbàdàn, Àṣàkẹ́. Mo ti bá dánfó jìjàdù ọ̀nà ní Mókọ́lá, mo sì borí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kì í ju oṣù 12 lọ níbí. Ọjọ́ tí o bá ti wá fìdí kalẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Tí ọdún bá yí po, fótò lásán ni. Ọmọ Sìmbábúwè tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó fi tiẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n fún un ní tibí, kò ṣe ìdánwò kankan. Orílẹ̀-èdè tiwọn wà nínú ìwé. Tiwa kò sí níbẹ̀. Ká sòótọ́, nígbà tí mo rántí ọ̀nà tí a gbà rí láísẹ́ǹsì tiwa, ìwọ pẹ̀lú mi, lọ́jọ́ kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò ní ká tilẹ̀ fọwọ́ kan sítíárì, mi ò rí ẹjọ́ rò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sí jẹ́léósinmi. Provisional ni wọ́n ń pe ìwé ọmọ-ẹ̀kọ́ náà. Pọ́ùn 34 ni tí o bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ́ùn 43 tí o bá fi ránṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ mí, mo lọ gba fọ́ọ̀mù D1 ní pósófíìsì. Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ibi tí mo gbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kọ Mọ̀lété síbẹ̀ tìyangàn-tìyangàn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́, postal order ni mo rà. Postal order! Mo rò pé ohun yẹn ti kú pẹ̀lú àwọn tíṣà wa. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ní láti fi páṣípọ́ọ̀tù mi sínú àpò ìwé náà, kó máa lọ sí Swansea, níbi tí àwọn tó ń ṣe láísẹ́ǹsì wà, láìsí èmi. O mọ̀ mí. Mi ò sùn. Nígbà tí ó padà dé, mo fi ẹnu kò ó lẹ́nu, Tóbi ọmọ mi ń wò mí. Káàdì náà dé tẹ̀lé e, aláwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú.

Dúró ná. Ọjọ́ tó o rí mọ́tò tí mo fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn, ní Challenge yẹn, ta ló jókòó níwájú? O ní "èrò mẹ́rin", o wá fi ẹ̀rín kún un, o sì dákẹ́. Wálé àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lòun ń wà á, kí bátìrì má bàa kú. Bátìrì wo ló ń gba èrò mẹ́rin?

Ó dáa. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti sọ pé tí ọdún tó ń bọ̀ bá dé tí mi ò lè wakọ̀, wákàtí iṣẹ́ mi máa dín kù, torí bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ arúgbó méje kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wá gba tíṣà, bàbá ará Jàmáíkà kan tó máa ń mu tíì látinú ike bí ẹni ń mu àgbo. Pọ́ùn 40 ni wákàtí kan. Mi ò lè dá wà á, àfi kí ẹni tó ti lé ní ọdún 21, tó sì ti ní láísẹ́ǹsì odidi fún ọdún mẹ́ta, jókòó tì mí. Ẹni tó bá dán ìyẹn wò, owó ìtanràn lè tó pọ́ùn 1,000, wọ́n sì lè fi àmì mẹ́fà sára láísẹ́ǹsì tí kò tíì ní. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ní àwọn lè bá mi jókòó láìgba kọ́bọ̀. A jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú wọn, wọ́n ń gbàdúrà sókè. Mo ní kí wọ́n sinmi nílé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú bàbá Jàmáíkà, kí a tó wọlé sínú mọ́tò, ó ní kí n ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mítà 20 ni òfin wí. Mo rí i pé ọkọ̀ ni. Mo rí i pé ó ní nọ́ńbà. Mo ní oòrùn ló ń ṣẹ́ mi lójú. Oòrùn, ní London, nínú oṣù kẹwàá. Bàbá wo òkè, ó wò mí, ó ní lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹni tí kò bá lè kà á, ibẹ̀ náà ni ìdánwò ti parí. Ó sin mí padà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gba pọ́ùn 40 rẹ̀. Mo ti ra awò ojú báyìí. Mo jọ Ìyá Oníwèé.

Wíwà á gan-an kò le, àfi pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ jókòó síbi tíṣà. Mo rántí Bàbá wa, tí wọ́n máa ń sọ nípa 2 April 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, pé gbogbo awakọ̀ ló rìn bí ìgbín lọ́jọ́ náà. Bàbá wa ì bá wakọ̀ níbí bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Pọ́ùn 23. Ìbéèrè 50, o gbọ́dọ̀ gba 43. Mo gba 47, mo ti ń jó nínú. Ló bá ku fídíò 14, pé kí n tẹ máòsì tí mo bá ti rí ewu tó ń bọ̀. Àṣàkẹ́, o mọ ibi tí mo ti kọ́ ọkọ̀. Gbogbo ohun tó ń mí ni ewu. Mo rí ajá, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí ọmọdé, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí ìyá àgbà tó dúró jẹ́ẹ́ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó fẹ́ sáré kọjá títì. Mi ò mọ̀ pé tí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́ láìdábọ̀, òfo ni wọ́n máa fún ọ lórí fídíò yẹn. Máàkì 44 nínú 75 ni wọ́n ń wá. 31 ni mo gbà. Mo tún tún gbogbo rẹ̀ ṣe látòkè, àtìbéèrè àtifídíò, torí ọ̀kan kì í gbé èkejì. Mo yege lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún méjì ni ìwé yẹn ní. Ti ojú títì ló kù, oṣù márùn-ún sí ìsinsìnyí ni àyè tó yá jù tí mo rí, pọ́ùn 62.

Tóbi yege nílé ìwé, ó ti ga jù mí lọ. Onílé ti fi owó kún owó ilé. Tóbi náà gbọ́ pé ọmọ ọdún 16 lè fi provisional gun alùpùpù kékeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, mo ní kó lọ kàwé.

Ọ̀rọ̀ Wálé. Mo ti ronú títí. Bá mi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì wà nínú agolo Bournvita lókè firíìjì Màmá. Má bá a jà. Sọ fún un pé mi ò ní tà á, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ọmọ-ẹ̀kọ́, kó wọ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, kó lọ síwájú àwọn VIO, kó ya fótò, kó tẹ ìka, gbogbo ohun tí ìwọ pẹ̀lú mi fò dá. Kó sì lẹ L mọ́ Corolla yẹn. Kí àwa méjèèjì jọ máa gbé e kiri.

Ó ku kiní kan. Nígbà tí mo lọ gba awò ojú, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, fùú, lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó ń yẹ ojú mi wò ní ojú náà le ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì kọ̀wé fún mi lọ sí ọsibítù. Ó bi mí bóyá glaucoma, àìsàn tó ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wà nínú ẹbí wa, mo ní ó wà lára Màmá. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti mú ojú méjèèjì, mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún àwọn Swansea, àwọn ni wọ́n máa sọ bóyá mo ṣì lè wakọ̀. Mi ò tíì sọ fún bàbá Jàmáíkà. Mi ò tíì sọ fún Tóbi.

Tí o bá lọ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, bá mi jókòó ti Màmá díẹ̀. Bi wọ́n ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣáájú kí wọ́n tó bí Wálé ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀, àti ojú wo ló kọ́kọ́ ṣe é. Má dárúkọ mi. Tí wọ́n bá ní kí ló dé tí o fi ń bèèrè, sọ pé ojú tìrẹ ló ń dùn ọ́. Wọ́n máa fún ọ ní àgbo kan nínú ìgò ọtí. Gbà á, má mu ún.

Èmi ni,
Àdùkẹ́