Ẹ Fi ‘Dà Á Rú’ Kọ́ Ọmọ Ní ‘Mix It Up’

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde kan àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ó sì kan àwọn òbí tí ń sanwó lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé nítorí ìdánwò WAEC àti JAMB. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí “up”, “off”, “out”, “to” àti “with”, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tàbí tí wọ́n ń so mọ́ ara wọn, kì í ṣe ohun tí a lè fi àkọ́sórí nìkan kọ́ ọmọ Yorùbá. Inú èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé ni ó ti yẹ kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀.

Ohun tí a sábà máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ ni ìlà gígùn tí wọ́n dà kọ láti ojú pátákó: “put off” ni kí a sún nǹkan síwájú, “put out” ni kí a pa iná, “put up with” ni kí a fara da nǹkan. Ọmọ á ké e bí orin, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ìdánwò bá pé, tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún un láti dí, “off” àti “out” á di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Mi ò dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Samuel Johnson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tó lókìkí ní ọdún 1755, ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé irú àkànpọ̀ yìí ló ń fún àjèjì tó ń kọ́ èdè àwọn ní wàhálà jù lọ.

Síbẹ̀, ìlànà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (“adverb”) àti ọ̀rọ̀ atọ́kùn (“preposition”) bá pàdé, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ló sábà máa ń ṣáájú, nítorí pé ọ̀rọ̀ atọ́kùn gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ orúkọ mú, kò sì fẹ́ kí nǹkan mìíràn dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ “out of”, “away from” àti “down to”. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, kó yọ ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò kó sì wò ó bí gbólóhùn náà yóò ṣe rí. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn tí a sì wí pé “Come in”, ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n bí a bá wí pé “Come into”, onítọ̀hún á ṣì dúró kó gbọ́ ibi tí a ní kó wọ̀. “In” ti àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. “Into”, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni.

Ẹ wá wo “He came out from under the table”, níbi tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tò tẹ̀lé ara wọn. Tiwa ni “Ó jáde láti abẹ́ tábìlì”. “Out” ti wà nínú “jáde”, “under” sì ti di ọ̀rọ̀ orúkọ tí í ṣe “abẹ́”, bẹ́ẹ̀ ni “láti” nìkan ló kù tó ń ṣe iṣẹ́ atọ́kùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀: wọlé, jáde, gòkè, sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ti gbé ibi tí à ń lọ sínú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì á mú ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò wúwo bí “get”, wọn á wá fi “in”, “out”, “up”, “down” tàbí “off” sọ ibi tó dorí kọ. Ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú kò rí ìdí tí òun fi ní láti tún fi nǹkan kún un. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tó wọ táksí ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde “got into” rẹ̀, nígbà tí ẹni tó gun ọ̀kadà tàbí tó wọ bọ́ọ̀sì ńlá “got on” rẹ̀, tí wọ́n bá sì ń sọ̀kalẹ̀, onítáksí á “get out of”, àwọn yòókù á “get off”. Ohun tí a gùn, tàbí tí a lè dìde rìn nínú rẹ̀, ló máa ń gba “on”.

Bí a bá ń júwe ibi, ipò ọ̀rọ̀ tún yí padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì á ní “down at Ejinrin”, àwa á ní “ní Èjìnrìn lọ́hùn-ún”. “Down” tiwọn ṣáájú, “lọ́hùn-ún” tiwa kẹ́yìn.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ sí mi ni ti ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń là sí méjì. Gbogbo ìgbà ni àwọn ọmọ ń ṣi “Turn off it” sọ dípò “Turn it off”, tí olùkọ́ á kàn fa igi lé e, tí kò ní sọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà kò jẹ́ sọ láéláé pé “Òjò bàjẹ́ iṣẹ́ wa”. Ohun tí yóò sọ ni “Òjò ba iṣẹ́ wa jẹ́”, tàbí “Ó bà á jẹ́”. Ọ̀rọ̀ ìṣe elẹ́là ni a ń pè é nínú gírámà Yorùbá, ó sì pọ̀ lẹ́nu wa: tan ọmọ jẹ, pa ilẹ̀kùn dé, da ilé rú. Bí a bá tú “bà” àti “jẹ́” sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kò ní rí ìtumọ̀ “bàjẹ́” níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tú “put” àti “off” kò ṣe ní rí ìtumọ̀ “put off”. Nítorí náà, ẹ kọ “dà á rú” àti “mix it up” sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó. Arọ́pò orúkọ, “á” àti “it”, wà láàárín ní ọ̀nà méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ gidi, àárín náà ni Yorùbá máa ń fi í sí, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba “mix the papers up” àti “mix up the papers” bákan náà.

Kò wá yẹ kí ọmọ rò pé gbogbo rẹ̀ ló ń là. “Look after her” kì í là, nítorí ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni “after”, kò sì lè fi ọ̀rọ̀ tó dì mú sílẹ̀. “She looked up the word” lè di “She looked it up”, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òkè ọ̀nà ni arábìnrin náà ń wò, “She looked up the road”, kò ní là. Ní ti “put up with it”, “up” ni àpọ́nlé, “with” ni atọ́kùn, ẹ̀yìn “with” nìkan sì ni “it” lè wà.

Àwọn àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé Yorùbá wọn hàn gbangba. “Discuss about” ti inú “sọ̀rọ̀ nípa” wá, “reply me” sì ti inú “dá mi lóhùn”. Olùkọ́ tó bá fi orírun yìí han ọmọ kò ní nílò pàṣán.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni òfin pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn. Ní ọdún 1672 ni akéwì kan, John Dryden, fi èyí bu Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré tó ti kú tipẹ́, àwọn onígírámà sì gbé e kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. “Where are you coming from?” dára bí “Ibo lẹ ti ń bọ̀?” ṣe dára. Nínú tiwa náà, “ti” dá dúró, ọ̀rọ̀ ibi tó bá a tan ti lọ síwájú, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i.

Ní ti “on the gen” àti “off the fan”, tí gbogbo wa ń sọ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù. “Tan” àti “pa” ni a sọ “on” àti “off” dà, a sì gbọ́ ara wa yé. Inú ìwé ìdánwò nìkan ni kí ọmọ ti rántí “turn”.

Bí ẹ bá ní àyè lójú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wa máa tẹ ọ̀rọ̀ ìṣe elẹ́là Yorùbá kan pẹ̀lú èyí tó bá a dọ́gba ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ sí gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi arọ́pò orúkọ sí èkejì. Mo ṣe tán láti máa kọ wọ́n ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.