Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Hilux, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà yín kẹ́ ẹ tó máa sáré

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ń ka àwọn lẹ́tà táwọn èèyàn ń kọ sí yín lórí bí píkọ́ọ̀pù ṣe ń gbókìtì lójú ọ̀nà wa, látibí l'Abẹ́òkúta lọ sí Sàgámù, látibí lọ sí Ìbàdàn. Àwọn kan ní títì ni, àwọn kan ní ayé ni, ẹlòmíì tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ ṣètùtù sójú ọ̀nà yẹn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ètùtù o, ṣùgbọ́n táyà ni mò ń tà ní Àsẹ̀rò níbí, èmi ni wọ́n máa ń gbé táyà tó bẹ́ wá bá pé kí n wá èyí tó jọ ọ́ fún wọn, mo sì mọ nǹkan tí mò ń rí lára àwọn táyà yẹn. Ẹ óò bá ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ti ní òrùka yíká ibi tó ti ń ká lórí ara ẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó, tí wọ́n fi kó ẹrù tó pọ̀, tí wọ́n tún fi sáré, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kò sí ẹni tó ń ta táyà tí ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Táyà Hilux tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 265/65R17, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ó ti sún ọkọ̀ síwájú bíi mítà méjì àbọ̀ ó dín díẹ̀. Tí dírẹ́bà bá wà lórí 120 kìlómítà láàárín wákàtí kan, á yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tó bá sì yí, ibi tó kanlẹ̀ á tẹ̀, á tún nà padà. Tí afẹ́fẹ́ bá pé, ìtẹ̀ yẹn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí kò bá pé, tí ẹrù wá wà lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká wọlé gan-an, ẹ mú wáyà kan kẹ́ ẹ máa ká a síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ yín, ẹ máa rí i pé ojú ibẹ̀ á gbóná kó tó já, ohun tí táyà yẹn ń fojú rí nìyẹn. Okùn irin wà nínú táyà, wọ́n fi rọ́bà mú un pọ̀ ni, ooru yẹn ló máa ń tú wọn ká. Rọ́bà òkè á ṣí kúrò lára irin, á máa na abẹ́ ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, ọwọ́ dírẹ́bà á máa gbọ̀n lórí sítíárìn, tó bá jẹ́ orin tó ń dún gan-an ló wà nínú ọkọ̀ tí kò fi gbọ́, ó di kó bẹ́. Ọkọ̀ tó sì ga nílẹ̀ bíi píkọ́ọ̀pù, tó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbókìtì ò jìnnà sí i.

Eré yẹn náà ń kó bá wa. Ẹni tó ń sá 140 àti ẹni tó ń sá 70, ẹ má rò pé ìlọ́po méjì ni agbára tó ń gbé ti 140 lọ, ìlọ́po mẹ́rin ni. 100 ni òfin sì fi ṣe òpin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ lọ dúró sí Kóbàpẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí píkọ́ọ̀pù kan tó ń ṣe 100.

Àṣà wa ní Abẹ́òkúta yìí ló ń dùn mí. Dírẹ́bà á dé ọ̀dọ̀ fọganáísà ní Láfẹ́ńwá, á ní "bá mi fẹ́ ẹ", fọganáísà á fẹ́ ẹ, á fi irin gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á ní ó ti tó. Kí ló fi mọ̀? Táyà píkọ́ọ̀pù le lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ẹ̀ lè ti dín tó ìdá mẹ́ta kó ṣì máa wo èèyàn lójú bí ẹni pé kò sí nǹkan, àfi géèjì nìkan ló lè sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní géèjì o, ó wà nínú àpótí, tí oníbàárà ò bá bèèrè wọn ò ní yọ ọ́. Iye tí wọ́n sì máa ń fẹ́ sí i, iye kan náà ni fún gbogbo ọkọ̀, ti Corolla, ti Micra, ti Hilux tó fẹ́ lọ kó sìmẹ́ńtì ní Ewékorò.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo òpó ibi tí ilẹ̀kùn ń padé mọ́, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀, iye afẹ́fẹ́ tí iwájú ń fẹ́ wà níbẹ̀, ti ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀, lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù wọ́n sì máa ń ya ìgbà tí ẹrù wà sọ́tọ̀ sí ìgbà tí kò sí ẹrù. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra ẹ̀, tó máa ń ní MAX níwájú, òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa fẹ́ sí i lójoojúmọ́. Àárọ̀ kùtù tí táyà ṣì tutù ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tó wá burú jù ni tàwọn tó máa ń dúró lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré dé láti Ìbàdàn, tí wọ́n á ní táyà ti le jù, kí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó má baà bẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ooru ló jẹ́ kó le, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, tó bá tutù á padà sí bó ṣe wà. Èyí tẹ́ ẹ yọ yẹn ni ò ní jẹ́ kó tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, òun gan-an ló sì máa wá bẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún wọn jù, torí gbogbo èèyàn ló máa ń wo ojú táyà, bóyá ó ṣì ní gírìpù, kò sẹ́ni tó ń ka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 265/65R17 112S, 112 yẹn ni ẹrù tó lè gbé, 1120 kílò ni fún táyà kan, S ni eré tó lè sá, 180 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Q jẹ́ 160, R jẹ́ 170, T jẹ́ 190, N ò ju 140 lọ. Gbogbo ìyẹn, tí afẹ́fẹ́ bá pé, tí ara táyà dá ṣáṣá, tí ẹrù ò pọ̀ jù ni o, ẹ má torí pé ẹ rí S kẹ́ ẹ wá sọ pé ọlọ́jà táyà ní kẹ́ ẹ máa sá 180. Tẹ́ ẹ bá rí C lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi 195R15C, táyà ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn oní-píkọ́ọ̀pù àtijọ́ nìyí, wọ́n á ní èyí tó ní C wọ́n jù, wọ́n á lọ ra 195 ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó gba ríìmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, 195/65R15 tí nọ́ńbà ẹrù ẹ̀ jẹ́ 91. 91 ò ju 615 kílò lọ. Èyí tó ní C tó sì jẹ́ 106 ń gbé 950. Ó wọ ríìmù, ó gbé ọkọ̀ dìde, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn láti Ọdẹ́dá, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lórí ẹ̀gẹ́.

Wọ́n máa ń sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé táyà tuntun kì í bẹ́, pé tòkúǹbọ̀ ló ń bẹ́. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kó táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 kúrò lọ́jà, èyí tó wà lára jíìpù Ford Explorer ló pọ̀ jù, ó wà lára àwọn píkọ́ọ̀pù náà. Rọ́bà òkè ló ń ṣí kúrò lójú eré, tí ọkọ̀ á wá gbókìtì, ó ju igba èèyàn tó bá a lọ. Iye afẹ́fẹ́ tí Ford ní kí wọ́n máa fẹ́ sí i, 26 psi lórí géèjì, wà lára ohun tí wọ́n fà gidi, Firestone ní ó kéré jù, Ford ní táyà ni ò dáa. Àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú níbẹ̀, Texas, Florida, Arizona, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo oòrùn tiwa nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta.

Ìyẹn ò sọ pé tòkúǹbọ̀ dáa o. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó táyà àlòkù wọlé, àfi ti ọkọ̀ ńlá 11.00x20 sókè tí wọ́n fẹ́ fi rọ́bà tuntun lé lórí, ṣùgbọ́n ibodè Ìdíròkò ò jìnnà sí wa, gbogbo wa la mọ nǹkan tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà tí Michelin ń ṣe tiẹ̀ ní Port Harcourt, èèyàn mọ ibi tí táyà ẹ̀ ti wá, àwọn méjèèjì ti palẹ̀ mọ́ kí 2010 tó dé. Ọjọ́ orí táyà wà lára ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló ní tó bá ti pé ọdún 6 kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, gírìpù ì báà wà níbẹ̀. Ẹ wo sípéà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, òun ló máa ń dàgbà jù, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ọjà mi ni mò ń polówó. Ó dáa, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ ṣáà ka nọ́ńbà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Hilux tó ń tẹ̀lé àwọn ọlọ́lá jáde l'Ókè-Mosàn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, náà, àwọn tó máa ń fi sàìréènì lé wa kúrò lójú títì pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́fà lẹ́yìn. Táyà ò mọ ẹni tó lówó. Oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, àwọn Road Safety sì sọ pé eré àsápajúdé àti táyà tó bẹ́ ni.

Tó bá wá bẹ́ lójú eré, ẹ má tẹ bíréèkì o. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ máa fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú gírígírí, kó máa lọ tààrà, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, ó dìgbà tí eré bá ti wálẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn TRACE, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ nípìńlẹ̀ Ògùn, àti Road Safety tó ń dá wa dúró, tí wọ́n ń bèèrè páátíkúlà àti ìwé ọkọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà píkọ́ọ̀pù, kí wọ́n mú géèjì dání, kò wọ́n. Kí ẹgbẹ́ àwọn fọganáísà náà ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa fi géèjì han oníbàárà kó tó sanwó. Tiyín, ẹ̀yin Olóòtú, tí àyè bá wà, ẹ bá wa tẹ fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà kan jáde, kó tóbi dáadáa, kẹ́ ẹ fi ọfà tọ́ka sí nọ́ńbà ẹrù, lẹ́tà eré àti ọjọ́ orí, màá gé e lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, màá sì fún àwọn tó wà ní gáráàjì Kútọ̀ náà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́jà táyà kan,
Àsẹ̀rò, Abẹ́òkúta.