Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ibi tí owó sikọ́láṣíìpù wà

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí orúkọ yunifásítì mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà tí o fi ránṣẹ́ pé o fẹ́ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni gbogbo wọn, n kò sì ní ní kí o pa ìkankan rẹ́ lónìí. Àmọ́ kí ọkàn rẹ tó fà sí wọn jù, mọ èyí: púpọ̀ nínú wọn kì í fún ọmọ ní sẹ́ǹtì kan torí pé ó mọ̀wé. Harvard, Yale, Princeton, gbogbo Ivy League pátá, ìyẹn ẹgbẹ́ yunifásítì olókìkí mẹ́jọ tí wọ́n wà nínú rẹ̀, àti MIT pẹ̀lú, àpò òbí nìkan ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni lówó. Gbogbo ẹni tó wọlé síbẹ̀ ló mọ̀wé, ta ni wọ́n á wá yà sọ́tọ̀ láti sanwó fún?

Irú owó méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tí agbára òbí rẹ̀ kò gbé owó ilé-ẹ̀kọ́. Need-based ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń fa ọmọ tó peregedé mọ́ra kó má baà gba ibòmíì lọ, merit nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ayé ń rọ́ lọ kò ní ìdí láti fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó ní olùkọ́ gidi àti ilé ìkàwé gidi, ṣùgbọ́n tó ń wá bí irú yín ṣe máa pọ̀ sí i nínú kíláàsì rẹ̀, òun ló ń náwó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o yí ojú sí.

Èyí ò ní kí o fi iye tí wọ́n kọ síta sá fún ẹnikẹ́ni o. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò ju $100,000 lọ́dún kì í san nǹkan kan ní Harvard, èyí tí kò sì ju $200,000 kì í san owó ẹ̀kọ́, bí dúkìá wọn kò bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iye kan náà ni MIT fi lélẹ̀. Princeton ti yọ ẹ̀yáwó kúrò nínú ìrànwọ́ rẹ̀ láti 2001. Àwọn tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù: ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ á ní wọ́n lè san iye kan, wọ́n á sì wo inú báǹkì, wọn ò ní rí i. Àwọn ni merit wúlò fún jù lọ.

Nítorí náà, Net Price Calculator ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò orí ìkànnì tó ń fojú bu iye tí ìdílé máa san gan-an. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan láti 2011 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sí ìkànnì wọn. A máa jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìwọ, pẹ̀lú ìwé owó-orí àti W-2, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń kọ owó tí wọ́n san fúnni lọ́dún, lórí tábìlì. Èyí tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè márùn-ún péré, ìpíndọ́gba ló máa sọ fún ọ, má gbà á gbọ́ tán. Èyí tó bá béèrè iye tí ilé tí à ń gbé tó, gbèsè orí ilé náà àti owó tó wà ní báǹkì, ìyẹn á sún mọ́ òótọ́. Bó bá tún béèrè GPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, àti máàkì SAT rẹ, ìdánwò ìgbàwọlé yunifásítì, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ń fún ọmọ ní merit níbẹ̀, ó sì ti wà nínú iye tí o máa rí. Èyí tí kò bá béèrè wọn kò ṣírò merit kankan. Òwò ara ẹni, ilé tí a fi háyà, òbí tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń da ìṣirò ẹ̀rọ náà rú. Tọ́jú èsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é. Ó lè wúlò nígbà tí a bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Wàyí o, ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń tú àṣírí. Common Data Set ni orúkọ rẹ̀, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ iye akẹ́kọ̀ọ́, máàkì àti owó ìrànwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti gbólóhùn yẹn sí Google, PDF tó gùn yóò jáde. Má kà á láti òkè. Lọ tààrà sí abala H.

Nínú H2, ìlà a ni iye akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ìlà c ni iye àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé wọ́n nílò ìrànwọ́. Yọ c kúrò nínú a, ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn tí wọ́n gbà pé agbára òbí wọn gbé e, pẹ̀lú àwọn tí kò béèrè ìrànwọ́ rárá. Wá sọ̀kalẹ̀ sí H2A. Ìlà n ni iye àwọn tí kò nílò ìrànwọ́ àmọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣì fún lówó, ìlà o ni ìpíndọ́gba iye tí wọ́n gbà. Ká ní ọmọ 1,000 ló wọlé, 550 nílò ìrànwọ́. 450 ló kù. Bí ìlà n bá sọ pé 380, tí ìlà o sì sọ pé $22,000, a jẹ́ pé ọmọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lára àwọn tó kù yẹn ló ń gba ẹ̀dínwó níbẹ̀. Iye tí wọ́n kọ síta kì í ṣe iye ọjà náà. Bí ìlà n bá sọ pé 15 péré, tẹ́tẹ́ lásán ni, kódà kí ìkànnì wọn kún fún àwòrán àwọn tó gba sikọ́láṣíìpù tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wo ìlà i nínú H2 pẹ̀lú. Òun ló ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àìní ọmọ ni wọ́n ń dí. Níbi tó bá jẹ́ 100, wọ́n ń dí gbogbo rẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ 65, àlàfo ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n retí pé kí òbí fò. Lẹ́yìn náà ni kí o padà sí C9, níbi tí wọ́n kọ máàkì SAT àti ti ACT, ìdánwò ìgbàwọlé kejì, àwọn tó wọlé sí. Ibi tí máàkì rẹ bá ti ga ju ti 75th percentile lọ, ìyẹn máàkì tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn kò kọjá, ni ojú wọn ti máa wà lára rẹ. Ní C7, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ka ìfẹ́ tí ọmọ fi hàn sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kún. Bí wọ́n bá kà á kún, ṣí ímeèlì wọn, forúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Merit pàápàá ní oríṣi. University of Alabama ń gbé tábìlì síta: GPA rẹ lápá kan, SAT tàbí ACT lápá kejì, iye owó ní àárín, o ti mọ ohun tí o máa gbà kí o tó kún fọ́ọ̀mù. Irú èyí ni mo fẹ́ kí o ní ó kéré tán méjì nínú àwọn tí o yàn, nítorí kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Àwọn ńláńlá tó ń san gbogbo nǹkan wà lápá kejì: Morehead-Cain ní University of North Carolina, Robertson tí wọ́n jọ ń ṣe pẹ̀lú Duke, Jefferson ní University of Virginia, Johnson ní Washington and Lee. Díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ló ń rí wọn gbà. Gbìyànjú méjì, kì í ṣe mẹ́fà; àròkọ wọn gùn, wọ́n sì lè jẹ ọ́ lákòókò tó yẹ kí o fi ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí PSAT rẹ, ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún SAT, bá sọ ọ́ di National Merit Finalist, ìyẹn ẹni tó dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje sikọ́láṣíìpù gbogbo orílẹ̀-èdè, tètè sọ fún mi. Harvard kò ní fún ọ ní dọ́là kan torí rẹ̀, àmọ́ Alabama àti University of Texas ní Dallas ní owó rẹpẹtẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ míì máa ń wọ́n fún àlejò. Ọ̀nà àbájáde wà: ní ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, ètò tí wọ́n ń pè ní WUE kò jẹ́ kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ san ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó ọmọ onílé lọ. Gúúsù ní Academic Common Market tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló wọ inú wọn, nítorí náà orúkọ ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kà ni kí o fi béèrè.

Lórí fọ́ọ̀mù: FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀, sábà máa ń ṣí ní October 1, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní kí o sanwó fún un, oníjìbìtì ni. Èyí tí a máa kún ní ìparí 2026, owó tó wọlé ní 2025 ló máa wò. Bó ṣe jẹ́ pé èmi àti bàbá rẹ jọ ń kún ìwé owó-orí kan ni, ẹnì kan nínú wa tó. Ìwọ àti ẹni náà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tiyín ní StudentAid.gov, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba ìwé owó-orí yín. Bí ẹnì kan kò bá fọwọ́ sí i, kò sí owó ìjọba àpapọ̀ kankan. Fọ́ọ̀mù kejì, CSS Profile, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tún ń béèrè. $25 ni ti àkọ́kọ́, $16 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, òun ló sì ń tú ilé ẹni wò jù. Owó tó bá wà lórúkọ rẹ, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni FAFSA máa kà sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tó wà lórúkọ wa, kì í ju 5.64 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fi owó sí àkáǹtì rẹ. Àti pé láti 2024, FAFSA kò fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní yunifásítì dín ẹrù wa kù mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo CSS lè ṣì kà á.

Ọjọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lára. Ìkànnì á sọ pé January ni ìparí, ọmọ á jókòó, kò ní mọ̀ pé December 1 ni merit ti tìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni Boston University, Vanderbilt àti Johnson ti Washington and Lee ṣe ń ṣe é. Fa ìlà méjì sí ìwé rẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìgbàwọlé lọ́tọ̀, ọjọ́ sikọ́láṣíìpù lọ́tọ̀, kí o sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní August torí wọ́n máa ń yí i padà. Ibi tí wọ́n bá ti ní SAT kò pọn dandan, béèrè bóyá ó pọn dandan fún sikọ́láṣíìpù. Má sì gba Early Decision, ìgbàwọlé kùtùkùtù tó ń so ọmọ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan, níbikíbi láìjẹ́ pé a jọ sọ ọ́. Ẹni tó ti ṣèlérí pé ibì kan ṣoṣo lòun máa lọ kò ní ohun tí yóò fi wé ohun tí wọ́n fún un.

Tí ìwé owó bá dé ní March, ibẹ̀ ni kí o ti la ojú rẹ dáadáa. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń gba $88,000 lọ́dún kọ ọ́ gàdàgbà pé ìrànwọ́ rẹ jẹ́ $62,000. Tú u palẹ̀. $48,000 jẹ́ grant, ẹ̀bùn nìyẹn. $5,500 jẹ́ Direct Loan, gbèsè tìrẹ. $5,500 jẹ́ Parent PLUS, gbèsè tèmi. $3,000 jẹ́ work-study, owó tí o máa ṣiṣẹ́ kí o tó rí. Ẹ̀bùn nìkan ni kí o yọ: $40,000 ló kù láti san, kì í ṣe $26,000. Ká ní òmíì ń gba $46,000, ó sì fún ọ ní merit $24,000. $22,000 ló kù. Àmọ́ má kàn sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kí o ní $88,000 ni fún ọdún mẹ́rin. Merit sábà máa ń dúró sójú kan, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń gòkè. Bó bá ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún, ọdún kẹrin á di $27,744, àpapọ̀ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì lé ní $99,000.

Ka ìlà kékeré nísàlẹ̀. GPA mélòó ni wọ́n ní kó má jábọ́? 3.0 ṣeé gbé. 3.5 fún ẹni tó fẹ́ kà ẹnjiníà bíi tìẹ, nínú ọdún kìíní tó kún fún ìṣirò àti físíìsì, ìdẹkùn ni. Béèrè bóyá wọ́n ń fún ọmọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan láti gbé e padà. Béèrè pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá fún ọ ní $2,000. Ilé-ẹ̀kọ́ míì á fi í yọ ẹ̀yáwó kúrò, ìyẹn dára. Òmíì á yọ ọ́ kúrò nínú grant tirẹ̀, o ò sì jèrè nǹkan kan. Maryland ti fi òfin de àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rẹ̀ lórí èyí láti 2017.

Bí owó kò bá tó, ó ṣeé bẹ̀. Ojú ìwé kan péré, sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí: owó ilé ìwòsàn, iṣẹ́ tó bọ́, tàbí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tó jọ tiwọn fún ọ. Má lo ọ̀rọ̀ ọjà níbẹ̀, má sì fi ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré dẹ́rù ba ńlá. May 1 ni ọ̀pọ̀ wọn ń retí ìdáhùn, nítorí náà lẹ́tà náà ti gbọ́dọ̀ jáde kí April tó dé àárín.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, H2, H2A àti C9 ti àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni kí o kọ sórí ìwé kan. Fi márùn-ún míì kún wọn tí máàkì rẹ ga ju tiwọn lọ. Ìwé owó-orí 2025 wà nínú fáìlì búlúù lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Má gbé e jáde nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ