Owó Ibodè Lórí Ọkọ̀ Tí Sójà Rà Lókè Òkun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ sójà láti Kàbbà a máa ra tòkunbọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìpẹ̀tùsáàwọ̀, wọn a sì rò pé ìnáwó ti parí. Rárá o. Iye ọkọ̀, owó ìkẹ́rù àti owó adójútòfò ni aṣọ́bodè ń rò pọ̀ kí ó tó bu owó ibodè lé e, owó-orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100, yóò sì tún gun orí gbogbo rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, òfin kò gbà kí ọkọ̀ tí a rà lókè òkun gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ọkọ̀ ọmọ ilé wa kan ṣì wà ní èbúté, tí owó ìpamọ́ ń gorí owó. N kò ní kí sójà má sanwó (àwa náà kúkú ń san). Kí àwọn ọ̀gá wọn ṣàlàyé owó wọ̀nyí fún wọn kí wọ́n tó gbéra ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Kàbbà