Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ ra ajá Border Collie

Tóyìn àbúrò mi,

O kú òtútù o. Mo rí fọ́tò ọmọ ajá tí o fi ránṣẹ́. Ó wu ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n má tíì sanwó.

Ajá darandaran ni, láti orí òkè ààlà England àti Scotland. Old Hemp, ajá Adam Telfer ní Northumberland, tí wọ́n bí ní 1893, ni baba ńlá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ojú ni wọ́n fi ń da ẹran: ajá á ba mọ́lẹ̀, á tẹjú mọ́ àgùntàn títí tíyẹn á fi yí padà. Ìṣe ọdẹ ni. Ìkookò á wò, á yọ́ tẹ̀lé, á lé, á pa. Àwọn darandaran wá ń yan èyí tí kì í dé ibi pípa, láti ìran dé ìran. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń súfèé sí i tàbí kí wọ́n pè é: “come-bye” ni kó yí agbo po bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, “away” ni òdìkejì, “that’ll do” ni pé iṣẹ́ ti parí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ajá yìí kò mọ̀ pé kò sí àgùntàn ní fúláàtì yín. Ohunkóhun tó bá ń sáré ni àgùntàn tirẹ̀, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ọkọ̀, tàbí Tèmi tó ń ṣeré ní pálọ̀. Ó lè máa bu gìgísẹ̀ ọmọ jẹ. Ìkanra kọ́, bí wọ́n ṣe ń da ẹran ni. Má lù ú. Pè é kó tó tẹjú mọ́ nǹkan náà, torí tó bá ti tẹjú mọ́ ọn, kò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Létí títì, okùn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Létí oko àgùntàn ńkọ́? Ó níbi tí òfin England ti gba àgbẹ̀ láyè láti yìnbọn pa ajá tó ń da ẹran rẹ̀ láàmú.

Wọ́n á ní kí o máa sáré pẹ̀lú rẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kò ní rẹ̀ ẹ́ o. Eléré ìje lò ń tọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù jíjù fún wákàtí kan ló burú jù: ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́, oríkèé rẹ̀ á sì jìyà. Tó bá dàgbà, ìrìn bíi wákàtí méjì lóòjọ́ tó o, kó sì ráyè máa gbóòórùn ilẹ̀. Orí rẹ̀ ni kí o fún níṣẹ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta: fi oúnjẹ pamọ́ kó wá a, kọ́ ọ lórúkọ nǹkan. Chaser, ajá Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pilley ní Amẹ́ríkà, mọ orúkọ ohun ìṣeré tó lé ní 1,000. Lẹ́yìn náà, kó sùn. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí 18 lóòjọ́. Èyí tí kò bá sùn tó á máa pòòyì bí òkòtó, á sì máa gé bàtà jẹ.

Má bu ọbẹ̀ wa fún un. Àlùbọ́sà, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tó ti jiná lè gún ìfun rẹ̀. Ṣokoléètì àti èso àjàrà, májèlé ni. Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì: yà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pàápàá ẹ̀yìn etí tó máa ń ta kókó, má sì fá a nítorí ooru.

Ó ku iṣẹ́ rẹ. Wákàtí 12 ní ọsibítù, ta ló máa wà nílé? Tí Bàbá Tèmi kò bá lè wà níbẹ̀, ajá tó ti tó ọdún 5 tàbí 6, tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀, sàn fún yín ju ọmọ ajá lọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ajá náà lo ṣì fẹ́, lọ wò ó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nílé tí wọ́n bí i sí, kó ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Béèrè ìwé àyẹ̀wò ìbàdí òbí méjèèjì, ti àrùn ojú CEA, àti ti TNS, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè pa ọmọ ajá. Òbí lè gbé méjèèjì yìí lára kó má hàn. Tí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e, ó lè jáde lára ọmọ. Ya fọ́tò àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó fún wọn ní àsansílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.