Alárìnká lórí pápá, akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí wọ́n bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní Àjàṣẹ́ níbí, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó gbayì jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ime Udoka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Lakers, Knicks, Portland, Spurs, Sacramento, àní Vichy ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo wọn ló gbá fún, kò sì di ìràwọ̀. Ó jókòó ti Gregg Popovich, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà Spurs nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ láti 2012 sí 2019. Ní 2022, gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbé Boston dé àṣekágbá NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbà ní Amẹ́ríkà.

Dídènà ni irú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Òun náà ló sì ń wọ́n àwọn ọmọ wa. Bí ọ̀tá bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìlà mítà 6.75, ìlà tí jíjù láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń mú àmì ayò mẹ́ta wá, eré àsápajúdé ni àwọn ọmọ wa ń sá lọ bá a, lóòró gangan. Yóò ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, wọ́n á fò, á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, torí ara wọn ti ṣáájú ẹsẹ̀ wọn. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì ní mítà méjì sí ẹni tó fẹ́ jù. Kí ọmọ sáré dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀, ìṣísẹ̀ kéékèèké, kí orúnkún tẹ̀, kí ọwọ́ kan wà lókè. Kò gbọdọ̀ fò àfi bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ ti tó.

Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́, ẹ máa bi àwọn tó ń wá iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá léèrè iye akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye àmì ayò tí wọ́n jù.

Àwa òǹkàwé yín, Àjàṣẹ́