Dorothea Ló Túmọ̀ Macbeth Yẹn

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí bí àwọn ará Jámánì ṣe sọ eré Shakespeare di tiwọn. Ẹ yin ìtumọ̀ Macbeth wọn ní èdè Jámánì gan-an, ẹ sì ní àwọn òǹkọ̀wé Jámánì méjì, August Wilhelm Schlegel àti Ludwig Tieck, ló ni iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níwájú ìwé lóòótọ́, àmọ́ Macbeth kì í ṣe ti Schlegel, kì í sì í ṣe ti Tieck.

Eré 17 ni Schlegel túmọ̀ kó tó dáwọ́ dúró. Wọ́n wá gbé 19 tó kù lé Tieck lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì mìíràn ló túmọ̀ wọn: Wolf von Baudissin ṣe 13, Dorothea, ọmọ Tieck obìnrin, ṣe 6. Ilé Tieck ní Dresden ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ẹni tó túmọ̀ á ka tirẹ̀ sókè, àwọn yòókù á máa fi wé ti Gẹ̀ẹ́sì, wọn á jọ tún un ṣe. Ìdìpọ̀ tó gbẹ̀yìn jáde ní 1833. Tieck dárúkọ Baudissin níbẹ̀. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn sonnet, ìyẹn àwọn ewì onílà mẹ́rìnlá tí Shakespeare kọ. Tieck gbé díẹ̀ nínú èyí tí Dorothea túmọ̀ jáde nínú ìwé ọdọọdún kan fún 1826, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tí òun jù lọ́jọ́ orí ló ṣe é. Ká ní Yorùbá ló fi sọ ọ́, ọ̀rẹ́ náà ì bá jẹ́ ọkùnrin, ì bá jẹ́ obìnrin. Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń pe ti obìnrin, ti ọkùnrin ni Tieck sì kọ síbẹ̀. Odidi iṣẹ́ náà kò jáde títí di 1992.

Ẹlòmíràn á ní Dorothea fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n má dárúkọ òun. Òótọ́ ni. Nínú lẹ́tà tó kọ sí òǹkọ̀wé Jámánì kan, Friedrich von Uechtritz, ó ní iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹ obìnrin ju ọkùnrin lọ, torí pé a kò fún obìnrin ní ẹ̀bùn láti dá ohun tirẹ̀ sílẹ̀. Mo kà á títí omi fi bọ́ lójú mi. Obìnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ítálì, Sípéènì, Látìnì àti Gíríìkì! Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ báyẹn?

Èmi náà ń túmọ̀ ìwé sí Yorùbá. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́, kí ìtumọ̀ má yẹ̀, kí ohùn má sì ṣẹ́. Ìwé kan tí mo túmọ̀ jáde láìsí orúkọ mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní ṣebí wọ́n ti sanwó fún mi.

Dorothea kú ní Dresden ní oṣù Kejì ọdún 1841, kò tíì pé ẹni ọdún 42. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìtẹ̀jáde yín tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ gbangba pé Dorothea Tieck ló túmọ̀ Macbeth tí ẹ yìn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Ìbàdàn